Bí a ṣe lè ya àwòrán ajá tó ń sáré kí ó sì mọ́ kedere

Ìyá Bíńgò (Ìbàdàn) kọ pé:

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ajá ìbílẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní èkúkè, tó dúdú láti orí dé ìrù, àfi àyà rẹ̀ tó ní funfun díẹ̀. Bí ó bá jókòó, àwòrán rẹ̀ a máa dára gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbéra tí ó ń lé bọ́ọ̀lù kiri àgbàlá, ohun tí mo ń rí kò ju òjìji dúdú kan tí kò ní ẹsẹ̀ lọ, tàbí kí igi máńgòrò ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ kedere nígbà tí ajá fúnra rẹ̀ rí bàìbàì. Canon EOS 1200D tòkunbọ̀ ni kámẹ́rà mi, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 mm tó bá a wá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń yàwòrán, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ètò tí kámẹ́rà ń dá yàn fúnra rẹ̀ ni mo sì máa ń fi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kámẹ́rà yìí ni kò lágbára tó, àbí ohun kan wà tí ó yẹ kí n yí padà lórí rẹ̀? N kò ní owó òmíràn báyìí.

Ayàwòrán Òkè-Àdó (Ìbàdàn) kọ pé:

Ẹ káalẹ́, mà. Kámẹ́rà yín kò ṣẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá fi í sí ètò àdáyàn, kò mọ̀ pé ajá ń sáré. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò tó àwòrán ló ń wá, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ, yóò fi ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa, ajá yóò sì ti kúrò ní ibi tó wà kí ṣọ́tà tó padé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ajá tó ń sáré ní ìwọ̀n 30 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí kò nira rárá fún ajá tí ara rẹ̀ le, ń rìn tó mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ajá náà yóò ti sún síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14. Ní 1/250, yóò sún ní sẹ̀ǹtímítà 3 àti díẹ̀. Ní 1/1000, kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ, ojú wa kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí i bí a bá wo gbogbo ara ajá náà pọ̀. Ẹsẹ̀ tí ajá ń jù síwájú máa ń yára ju ara rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rí àwòrán tí orí ajá mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pòórá. Nítorí náà, 1/1000 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ràn dáadáa tí ajá náà sì jẹ́ eléré, mo lè gbé e lọ sí 1/1600 tàbí 1/2000.

Lórí kámẹ́rà tiyín, ẹ yí bọ́tìnì róbótó tó wà lókè sí ibi tí wọ́n kọ Tv sí. Níbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa yan ìyára ṣọ́tà, kámẹ́rà yóò sì máa yan bí ojú lẹ́ǹsì yóò ṣe ṣí tó. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, sí Auto. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìyàwòrán dé ìdajì tí nọ́ńbà f (èyí tó ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ohun tí kámẹ́rà ń sọ ni pé òun ti ṣí ojú lẹ́ǹsì dé òpin, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kò tó. Nígbà náà, ẹ ní láti sún síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tàbí kí ẹ dín ìyára náà kù díẹ̀.

Ti igi máńgòrò yẹn, ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì ni, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ń mú kí ó mọ́ kedere. Bí kámẹ́rà bá wà ní One Shot, yóò wá fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tì í pa. Ajá ti rìn lọ kí ẹ tó parí títẹ bọ́tìnì. AI Servo ni kí ẹ yàn. Èyí ni yóò máa tún fókọ́ọ̀sì ṣe níwọ̀n ìgbà tí ìka yín bá ṣì wà lórí bọ́tìnì náà. Ètò kan náà ni àwọn oní-Nikon àti oní-Sony mọ̀ sí AF-C. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan ojú ibi tí yóò gbé fókọ́ọ̀sì sí nínú mẹ́sàn-án tó ní. Àárín gbùngbùn nìkan ni kí ẹ lò, torí pé òun ló já fáfá jù lọ nínú wọn, kí ẹ sì máa gbé e lé orí tàbí èjìká ajá náà. Bí fókọ́ọ̀sì bá ń bọ́ sórí igi, ó sábà máa ń jẹ́ pé a fi yíyàn náà sílẹ̀ fún kámẹ́rà, tí òun náà sì mú ohun tó rọrùn fún un láti rí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kù, mo sì rò pé òun gan-an ló ń yọ yín lẹ́nu jù. Nínú oòrùn gangan, f/5.6 pẹ̀lú ISO 200 yóò fún yín ní 1/1600 láìsí wàhálà. Lábẹ́ igi tàbí lẹ́bàá ògiri tí òjìji bò, ẹ ó nílò ISO 1600 tàbí 2000 kí ẹ tó rí 1/1000. Bí ó bá di aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ nínú àgbàlá tí ilé yí ká, kò sí ISO lórí kámẹ́rà yẹn tí yóò fún yín ní ìyára bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwòrán kún fún hóró wẹ́wẹ́. Ẹ wá ọjọ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè, láàárín aago méje àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀, tàbí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan kò dára níhìn-ín, nítorí pé oòrùn wa máa ń dúró sí àtàrí, yóò sì ju òjìji dúdú sábẹ́ ojú àti ikùn ajá.

Ọmọ Ọdẹ (Ṣakí) kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti kámẹ́rà, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ajá, torí pé nídìí ajá ọdẹ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tí mo sì fi ń yàwòrán wọn báyìí.

Ẹni tó bá ń sá tẹ̀lé ajá kiri pẹ̀lú kámẹ́rà kò ní rí nǹkan kan mú bọ̀ ju ìdí ajá lọ. Ibi tí ajá yóò gbà kọjá ni kí á mọ̀, kí á sì ti lọ dúró dè é. Kò sì nira láti mọ̀, nítorí pé ajá ní àṣà: bí ó bá mú bọ́ọ̀lù, ọ̀nà tó yá jù lọ sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ni yóò gbà padà, igun ilé kan náà ni yóò sì máa fi ara gbá kọjá lójoojúmọ́. Ẹ wo Bíńgò fún ìgbà díẹ̀ láìgbé kámẹ́rà sójú. Ẹ kíyè sí i pé kí ó tó fò, yóò rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, èjìká rẹ̀ yóò lọ sísàlẹ̀, etí rẹ̀ yóò sì yí síwájú. Kí ó tó yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí, ara yóò tẹ̀ lé e. Bí ojú yín bá ti mọ àwọn àmì wọ̀nyí, ìka yín yóò ti wà lórí bọ́tìnì kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá dúró títí ẹ fi rí i tó ń fò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ni àwòrán yóò ti bá a.

Ẹni méjì ló yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ọ̀kan di ajá mú ní ìpẹ̀kun àgbàlá, kí ẹni tí ajá fẹ́ràn dúró sẹ́yìn ayàwòrán, kí ó sì pè é. Ajá yóò máa bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ kámẹ́rà pẹ̀lú ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fún un ní ẹran díẹ̀ nígbàkigbà tó bá dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wò yín lójú yóò sì lọ dùbúlẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró lóòró ya ajá. Ẹ kúnlẹ̀, tàbí kí ẹ dojú bolẹ̀ pátápátá, kí ojú lẹ́ǹsì bá ojú ajá dọ́gba. Láti òkè, gbogbo ajá ló máa ń dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ilẹ̀ nìkan ni yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá wà nísàlẹ̀, ọ̀run yóò ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì rí àlàfo láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀, èyí tí ó ń fi hàn lóòótọ́ pé eré ló ń sá.

Ní ti ìpè, ẹ jẹ́ kí fèrè tàbí ohùn tí ẹ óò fi mú un gbé etí sókè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń pè é wá jẹun, kí ẹ má sì máa fọn ọ́n ní gbogbo ìgbà. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n bá ń fọn fèrè sí lásán kì í dáhùn mọ́, bí kò tilẹ̀ sọnù.

Ìyá Bíńgò kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí ní àárọ̀ Sátidé, ọmọkùnrin mi sì bá mi di ajá mú. Àwọn kan jáde dáadáa, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè! Àmọ́ àwọ̀ Bíńgò kò rí bó ṣe rí lójú. Nínú àwọn kan, dúdú rẹ̀ ti di eléérú, koríko sì funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àwọn mìíràn tí mo yà lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé, ó dúdú kirimù, n kò rí ojú rẹ̀ rárá. Ajá kan náà ni, àárọ̀ kan náà sì ni.

Ayàwòrán Òkè-Àdó kọ pé:

Mà, ohun tí ẹ rí yẹn tọ́, ó sì ní ìdí. Kámẹ́rà máa ń gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, kò dúdú jù kò sì funfun jù. Bí ajá dúdú bá kún inú àwòrán, yóò rò pé òkùnkùn ló wà níbẹ̀, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí dúdú yóò fi di eléérú. Ṣùgbọ́n bí ajá náà bá kéré láàárín sìmẹ́ǹtì funfun tàbí iyanrìn, sìmẹ́ǹtì ni kámẹ́rà ń wò. Yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí rẹ̀, ajá ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lẹ́yìn kámẹ́rà yín. Ẹ di bọ́tìnì tí wọ́n kọ Av +/- sí mú, kí ẹ sì yí rọ́lẹ̀ tó wà nítòsí bọ́tìnì ìyàwòrán. Bí Bíńgò bá kún inú àwòrán, ẹ fà á sí apá òdì ní ìwọ̀n ìdá méjì nínú mẹ́ta tàbí odindi kan. Bí ó bá wà lórí sìmẹ́ǹtì tó ń dán, ẹ gbé e sí apá kejì ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ajá funfun yóò ṣe òdìkejì èyí nígbà tí ajá bá kún inú àwòrán, kí irun rẹ̀ má baà di eléérú. Ó dára kí ẹ kọ́kọ́ yà á nígbà tó bá dúró, kí ẹ wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, kí ẹ tó jẹ́ kí eré bẹ̀rẹ̀.

Ti ojú rẹ̀ tí kò hàn, kọ̀ǹpútà kò lè bá yín wá a bí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn yín, kí ajá sì máa sáré bọ̀ wá síhà oòrùn náà. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan yóò tàn nínú ẹyinjú rẹ̀. Lára ajá dúdú, ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ló ń ya ojú sọ́tọ̀ kúrò lára irun.

Ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta kọ pé:

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ń fi ara ni ìyá wa. Láti ọdún 2019 ni Sony ti gbé ètò tó ń dá ojú ẹranko mọ̀ jáde. Nikon fi í sínú Z6 àti Z7 ní 2020, ọdún yẹn náà ni Canon EOS R5 àti R6 jáde tí wọ́n ń dá ajá mọ̀. Pẹ̀lú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnì ni, fókọ́ọ̀sì yóò ti wà lórí ẹyinjú ajá.

Ọmọ Ọdẹ kọ pé:

Àbúrò, ìyá ti sọ pé àwọn kò ní owó òmíràn báyìí. Lóòótọ́ ni pé àwọn ètò náà dára, èmi pẹ̀lú ti bá ọ̀rẹ́ mi kan lo ọ̀kan nínú wọn. Àmọ́ ẹyinjú dúdú lára ajá dúdú máa ń nira fún un láti rí, pàápàá bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Kò sì ní bá ẹ mọ ibi tí ajá yóò gbà, kò sì ní bá ẹ dojú bolẹ̀.

Ayàwòrán Òkè-Àdó kọ pé:

Bí ẹ bá fẹ́ náwó díẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, mà, lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà kí ẹ tó ronú kámẹ́rà. Pẹ̀lú 18-55 mm, ajá gbọ́dọ̀ dé tòsí yín gan-an kí ó tó tóbi nínú àwòrán. EF-S 55-250 mm tòkunbọ̀ bá kámẹ́rà yín mu, kò sì wọ́n bí àwọn 70-200 mm f/2.8 tí àwọn oníṣẹ́ ń gbé. Kìkì pé ẹ ó rántí ohun kan: ní 250 mm àti f/5.6, bí ajá bá wà ní mítà 8 sí yín, ibi tí yóò mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ajá tó ń bọ̀ tààrà yóò la ibẹ̀ kọjá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì ti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti òkèèrè, kí ẹ má ṣe dúró títí yóò fi sún mọ́ yín.

Ará Manchester kọ pé:

Mo kí gbogbo ilé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, ìṣòro wa yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu sì máa ń bo gbogbo ọ̀sán mọ́lẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: kí á mọ̀ọ́mọ̀ dín ìyára ṣọ́tà kù. Ẹ fi í sí 1/125, tàbí 1/60 bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ajá yóò gbà kọjá, kí ẹ máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé e láti ìgbà tó ti ń bọ̀ lókèèrè, kí ó jẹ́ pé ìbàdí ni ẹ fi ń yí, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ẹ tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá dé iwájú yín gan-an, kí ẹ sì máa yí lọ lẹ́yìn títẹ̀ ẹ́. Orí àti ara ajá yóò mọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rí bíi pé ó ń fò, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì di ìlà gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ ó dà nù. Èyí tó bá dára nínú wọn máa ń sọ ọ̀rọ̀ eré ju àwòrán tí gbogbo nǹkan dì sójú kan lọ, ní tèmi o. Bí lẹ́ǹsì yín bá ní bọ́tìnì tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù, tó sì ní ipò méjì, ipò kejì ni ti irú àwòrán yìí.

Ajá greyhound ni mo máa ń yà jù, torí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn níhìn-ín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu eré ìdíje. Eré wọn lè tó 70 kìlómítà ní wákàtí kan. Ohun kan wà nípa ìsáré wọn tó ń ran ayàwòrán lọ́wọ́: nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀, ìgbà kan nígbà tí wọ́n ká ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn, ìgbà kejì nígbà tí wọ́n na ara gbọọrọ. Ẹṣin kò ní ìkejì yẹn. Ní 1878, ní Palo Alto ní Kalifóníà, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Eadweard Muybridge to kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ta okùn tí ẹṣin yóò máa já bó ṣe ń kọjá. Ìgbà náà ni ayé tó rí i pé ìgbà tí ẹṣin bá ká ẹsẹ̀ jọ ló máa ń wà lókè, kì í ṣe ìgbà tó bá nà wọ́n jáde bí àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ ṣe máa ń kùn ún. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ṣakí sọ náà ni Muybridge ṣe: kámẹ́rà ló dúró de ẹranko. Bí ẹ bá ń ya ajá tó nà gbọọrọ, ẹ wò ó pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í lọ kí ó tó nà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń tẹ ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ bọ́tìnì.

Bákan náà ni mo ṣe máa ń ṣe ní ibi ìdíje àwọn ajá tó ń fò kọjá igi, irú eré tí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn ènìyàn ní Crufts, ìdíje ajá ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1978. Mi ò kì í lépa ajá náà. Mo máa ń fi fókọ́ọ̀sì sórí igi tí yóò fò, mo máa ń tì í síbẹ̀, mo sì máa ń dúró. Nígbà tí ajá bá dé góńgó ìfò rẹ̀, kò lọ sókè mọ́, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ máa ń rọrùn láti mú ní àkókò yẹn.

Olóyè Fóònù (Òṣogbo) kọ pé:

Ẹ dákun, àwa tí a kò ní kámẹ́rà ńkọ́? Fóònù ni mo fi ń ya tèmi, àwòrán sì máa ń mú ẹsẹ̀ ajá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni pé egungun rẹ̀ rọ̀.

Ará Manchester kọ pé:

Fóònù kì í ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan lẹ́yìn èkejì ló ń kà á, nítorí náà kí ó tó ka ìlà ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ti kúrò níbi tó wà nígbà tó ń ka ìlà òkè. Àwọn kámẹ́rà tuntun tó ń yàwòrán láìpariwo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń padà sí ṣọ́tà onírin bí eré bá yá. Lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ajá máa sáré bọ̀ sọ́dọ̀ yín dípò kí ó gba iwájú yín kọjá, ẹ jáde sínú oòrùn, kí ẹ sì di bọ́tìnì mú kí ó máa yà á léraléra. Ẹ má lo súùmù rárá.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn kọ pé:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì fẹ́ sọ nǹkan díẹ̀ nítorí ajá náà gan-an. Ajá kì í làágùn bíi ti ènìyàn. Ahọ́n tó yọ síta àti mímí kíákíá ló fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Nínú ooru wa, ẹ jẹ́ kí eré náà kúrú, kí omi wà nítòsí, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí ẹ bá rí i pé ahọ́n rẹ̀ pupa rokoso, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Àwọn ajá onímú pẹẹrẹ kò lè fara da eré oòrùn rárá. Ẹ má ju igi fún ajá kí ó lọ gbé e, nítorí pé igi máa ń gún wọn lẹ́nu tàbí lọ́fun. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò, kí ó sì tóbi ju ohun tí ó lè gbé mì lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ dojú bolẹ̀ níwájú ajá tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi olówó ajá bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi fún un. Ajá mìíràn kì í fẹ́ràn ojú lẹ́ǹsì ńlá tó ń wò ó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣèèṣì bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ Etí Òkun (Lékkì) kọ pé:

Ẹ ṣeun, Dókítà. Èmi fi kékeré kún un fún àwọn tó ń yàwòrán ní etí òkun. Iyanrìn tí ajá ń ta jáde lẹ́sẹ̀ dára nínú àwòrán ju inú kámẹ́rà lọ. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ajá tó bá ti inú omi jáde gbọn ara rẹ̀ níbi tó jìnnà sí yín. Bó ṣe ń gbọn ara yẹn gan-an jẹ́ àwòrán tó dára, bí ṣọ́tà bá tó 1/1600 kí ẹ̀kán omi lè dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, ohun kan náà ni mo ń sọ nípa eruku. Oòrùn ọyẹ́ máa ń rọ̀ dáadáa lára ajá pupa, àmọ́ ohun tó bá jìnnà yóò ṣú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ajá sún mọ́ yín.

Ìyá Bíńgò kọ pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run yóò máa bá mi tọ́jú yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, mo gbọ́ pé RAW, irú fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ló dára jù, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í síbẹ̀, kámẹ́rà máa ń dákẹ́ láàárín eré. Èkejì, Bíńgò ní ọ̀rẹ́ kan nínú ọgbà aládùúgbò wa, wáyà fẹ́ǹsì ló sì wà láàárín wa. Báwo ni mo ṣe lè ya àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré níbẹ̀?

Ayàwòrán Òkè-Àdó kọ pé:

Lórí 1200D, nǹkan bí àwòrán RAW mẹ́fà ló ń gbà léraléra kí ó tó dúró láti kó wọn sínú káàdì. Bí ó bá jẹ́ JPEG, fáìlì kékeré tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, yóò máa bá a lọ fún ìgbà pípẹ́. Fún eré ajá, JPEG tó tóbi jù lọ ni kí ẹ lò, bí ẹ bá ti ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa ṣáájú. Àwòrán mẹ́ta péré sì ni kámẹ́rà yìí ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ajá ń rìn ju mítà 2 lọ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dídi bọ́tìnì mú nìkan. Ẹ yan àkókò àkọ́kọ́ fúnra yín, kí ẹ fi àwọn tó kù ṣe èènì.

Ti wáyà, ẹ gbé ẹnu lẹ́ǹsì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ fa lẹ́ǹsì dé 55 mm, kí àwọn ajá sì wà ní òkèèrè díẹ̀ sí wáyà náà. Bí ìyára ṣọ́tà bá wà ní 1/1000 ní àárọ̀ kùtù, ojú lẹ́ǹsì yóò ti ṣí dé òpin fúnra rẹ̀, wáyà yóò sì pòórá. Bí oòrùn bá ń ràn sára wáyà náà, yóò fi funfun bàìbàì sórí àwòrán. Ẹ wá apá ibi tí òjìji igi bò ó, tàbí kí ọmọkùnrin yín fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Kí fókọ́ọ̀sì má baà sì máa padà sórí wáyà, ẹ gbé ojú àárín kámẹ́rà gba inú ihò wáyà kan, kí ẹ mú fókọ́ọ̀sì lára ajá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kí ẹ má sì gbé ìka kúrò.